Àwọn Iná Ńlá Bọ̀ọ̀dá Délé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ gbé iná ńlá kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Iná àtijọ́ ni, irú èyí tó máa ń gbóná. Bó ṣe tàn án, eruku ara gílóòbù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, òórùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Mo gbé abọ́ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀. Òórùn ìrọ̀lẹ́ wa ní Oǹdó nìyẹn, ní àgbàlá bàbá mi, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé ṣì wà láyé.

Àbúrò bàbá mi ni. Pákó ló ń tà, ṣùgbọ́n gílóòbù ló fẹ́ràn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Tísà àti Bàbá Ṣadé tó ń tún rédíò ṣe, máa ń wá gílóòbù ńlá kiri: èyí tó ti wà ní ilé sinimá tó ti kógbá sílé, èyí tí wọ́n tú lára òpó ní ilé ìlagi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn á kó wọn jáde sórí bẹ́ǹṣì. Òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan gílóòbù tuntun láì kọ́kọ́ bú u.

“Tísà, tanátaná lo gbé wá yìí,” Bọ̀ọ̀dá Délé á ní.

“Ó sàn ju tìẹ lọ. Ṣé àgbàdo lo fẹ́ fi yan ni?”

“Ẹ fi Délé sílẹ̀ o. Tó bá tan tiẹ̀, àkùkọ Ìdànrè á kọ.”

Lẹ́yìn èébú, wọn á jókòó kọjú sí gílóòbù náà, wọn á tàn án lójijì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dijú ló máa bó ẹ̀pà fún àwọn yòókù. Kíákíá ni Tísà máa ń dijú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé kì í dijú rárá. Á jókòó gbọin, á máa wo iná náà bí ẹni ń wo àwòrán, àwa ọmọdé á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Gílóòbù rẹ̀ ń tóbi sí i. Ó gbé ọ̀kan sí yàrá rẹ̀ tí aláǹgbá fi sá kúrò lára ògiri. Ìyá mi ní ooru ibẹ̀ tó sá ilá. Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní yàrá yẹn ló ṣókùnkùn jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé bàbá gbogbo gílóòbù dé, ẹgbẹ̀rún wáàtì, tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Wọ́n bú u títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Bàbá Ṣadé fa okùn jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ náà kérora bí ẹni tó ru yangí, gílóòbù sì tàn. Àgbàlá funfun báláú. Àwọn adìyẹ tó ti wọlé sùn tún jáde. Gbogbo wa fi apá bojú. Bọ̀ọ̀dá Délé nìkan ló jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún.

“Kí lẹ tún ń dúró dè?” ó ní. “Ẹ tàn án.”

Tísà fi ẹ̀rín ṣubú lulẹ̀. Bàbá Ṣadé ní òun kò gbọ́ irú àwàdà bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá wo Bọ̀ọ̀dá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ibi tí ooru ti ń bọ̀, bí ẹni tó ń yáná. 

Dókítà ojú sọ fún bàbá mi pé àìsàn tó fọ́ ojú Bọ̀ọ̀dá ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kí ó tó ra gílóòbù àkọ́kọ́ pàápàá. Bọ̀ọ̀dá mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yéé wá. Wọ́n ń bú gílóòbù lọ bíi ti tẹ́lẹ̀; òun ló wá ń bó ẹ̀pà. Ẹni tó bá sì wọ yàrá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ á sọ pé, “Bọ̀ọ̀dá, a ti tàn án o.” Á dáhùn pé, “Ó dára. Ó mọ́lẹ̀.”

Gílóòbù ilé mi lónìí kéré, wọn kì í gbóná, wọn kò sì ní òórùn kankan. Kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀rẹ́ wá bú wọn. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí mo bá tan iná nírọ̀lẹ́, mo máa ń sọ ọ́ jáde pé, “Mo ti tàn án o.” Àwọn ọmọ mi rò pé àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo sì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó kúrò nídìí iná náà.