Páálí Tí Mo Ká Létí fún Ìyá Mi

Títí di òní, mi ò tíì mọ bó ṣe yẹ kí nǹkan le tó kó tó dùn. Mo ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ bí ẹ bá bi mí, màá kàn sọ pé ó rú mi lójú ni. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dá a rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Òmù-Àrán nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ìyá bá ti oko àti ọjà dé, mo máa ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyá mi wà nínú wọn. Àwọn obìnrin ìjọ ti yàn án pé òun ni yóò ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn obìnrin, bẹ́ẹ̀ bí a bá kọ A tó tóbi tó ilé, kò ní dá a mọ̀. Ó ní òun gbà, òun á kọ́ ọ. Ó ku oṣù mẹ́rin. Bí kò bá rí i kà, ojú á tì í níwájú gbogbo ìjọ, ojú á sì ti èmi tí mo pe ara mi ní tíṣà ju tirẹ̀ lọ.

Ìwé ṣíṣí lásán tètè sú wọn, torí náà mo dá eré kan sílẹ̀. Mo gé páálí ṣúgà sí wẹ́wẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sára wọn, mo dà wọ́n sínú igbá. Ẹni tó kàn á ki ọwọ́ bọ igbá láìwò, á mú ẹyọ kan. Bó bá rí i kà, tirẹ̀ ni, ó ń mú un lọ sílé. Bí kò bá rí i kà, ẹni tó jókòó tì í á gbìyànjú. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ṣì ń rò ó á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á sì dákẹ́ títí tó fi máa gbé e sílẹ̀. Ẹni tí páálí rẹ̀ bá kéré jù lọ á jó fún wa.

Omi, iná, ilé, iṣu ni mo kọ́kọ́ kọ. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń yán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹ́jọ péré ló wá. Mo ní àṣé ó rọrùn jù. Mo kó gbogbo rẹ̀ sápò, mo kọ ìràpadà, ìgbìmọ̀, òmìnira, ìpínlẹ̀. Igbá lọ yíká, ó padà dé ọ̀dọ̀ mi, kò sẹ́ni tó rí ẹyọ kan kà. Nígbà tí a tún máa pàdé, mẹ́rin ló kù. Inú bí mi. Kí gan-an ni àwọn obìnrin yìí ń fẹ́?

Ìyá kan nínú wọn tó ń ta irú ló dá mi lóhùn. Mùsùlùmí ni, ọjà Òkè-Onígbìn ló ń ná, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó ní kí n kó páálí àtijọ́ àti tuntun jáde, ó wá ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

"Tíṣà," ó ní, "èyí tí gbogbo wa mọ̀, gbé e kúrò. Èyí tí kò sẹ́ni tó mọ̀, jẹ́ kó dúró ná. Èyí tó fẹ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ní Ìṣẹ́gun tí kò bọ́, òun ni kó o dá padà sínú igbá. Òun ni kò jẹ́ kí n sùn."

Mo ṣe bó ṣe wí, mi ò kàn gbà á gbọ́ ni. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi di mẹ́rìndínlógún, méjì tí ẹnikẹ́ni kò pè ti wá kún wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi igi kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jà, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn.

Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀, torí ìyá mi ló ń jó ní gbogbo ìgbà. Òun ń rẹ́rìn-ín, èmi ni ojú ń tì. Nílé wa, bí ọmọ bá ń bá ìyá rẹ̀ ta ayò, ó ní láti dá a sí díẹ̀. Bó bá nà án bó ṣe ń na ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní kò gbẹ̀kọ́. Mo wá ká etí àwọn páálí tó rọrùn kí n lè dá wọn mọ̀, mo sì ń kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú igbá. Èmi ni mò ń gbé igbá, nítorí náà tó bá ti kan ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà ni màá yí sí i.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Mo ń retí kí inú rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ ló ń fà ro. Nílé, bí mo bá kí i, á dá mi lóhùn, á sì dìde lọ sí ìdí ààrò. Ó ń jó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ń borí, ó ń bínú. Mo rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo rí ibi tí wọ́n ní kó kà. Ó gùn, ó sì kún fún orúkọ àwọn ìlú ayé àtijọ́. Mo yọ́ lọ bá àlùfáà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìyá mi ka Sáàmù kúkúrú kan tí ìjọ máa ń kọ lórin. Ó gbà. Mo fi bébà sí ojú ibẹ̀ nínú Bíbélì ìyá mi, mo ní àlùfáà ló yí i padà.

"Àlùfáà ni?" ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ìyá oníirú náà wá, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá mi dìde, ó ṣí Bíbélì, ó yọ bébà mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń ṣí ewé lọ. Èyí tó gùn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ bí ẹni ń rìn lórí igi tí wọ́n gbé dábùú odò. Nígbà tó dé orúkọ ìlú kan, ó dúró. Ẹnì kan húkọ́. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ fún un, àṣé ó ń wò mí. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Èmi ni mo ṣe òfin yẹn. Mo pa ẹnu mi dé. Bó ti pẹ́ tó, mi ò lè sọ. Òógùn ti rin ẹ̀yìn ẹ̀wù mi. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀, ó pe orúkọ ìlú náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Ó mú ti ìkẹyìn, ó ń kà lọ, ó sì kà á tán.

Nígbà tí a délé, ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó da páálí sórí tábìlì. Gbogbo èyí tí mo ká létí ni.

"Sáàmù tó o mú fún mi yẹn," ó ní, "mo ti mọ̀ ọ́n lórí kí n tó bí ọ. Kí ló wá kù tí mo fẹ́ kà níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín ni."

"Ta ló sọ fún ọ pé ojú ń tì mí? Ijó ni mò ń jó."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣí Bíbélì, ó fi ìka lé orúkọ ìlú yẹn, ó ní ṣé bí òun ṣe pè é ló rí. Mo wò ó. Mo pè é, mo tún un pè, ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo ní mi ò mọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì rí ẹ̀rín yẹn láti bí oṣù kan. Ó mú ọ̀kan nínú páálí náà, ó yí i dé, ó ní kí n kọ orúkọ ìlú yẹn sẹ́yìn rẹ̀, ká sọ ọ́ sínú igbá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Tún etí rẹ̀ yẹn nà," ó ní.