Ẹja Ṣawa Inú Dúrọ́ọ̀mù Fàúsát

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ pàdé Fàúsát Àjíṣafẹ́, nígbà tí mo gbé fíríìjì ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Agége fún àtúnṣe. Ẹnu ìjà ni mo bá a. Ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí i.

"Fíríìjì ni kí o máa tún ṣe," ni ó ń wí. "Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe fíríìjì."

Fàúsát kò gbójú sókè. Ó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kan. "Ìdajì ọkọ̀ yẹn, bàbá mi ló ni ín, Bọ̀ọ̀dá Gbénró. Ẹ ò lè fi ariwo gbà á."

Olúgbénró ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun àti bàbá Fàúsát jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìṣó kan ní Ìkẹjà fún ọdún méjìlélógún. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n jọ ní ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n ń so ó mọ́ etí omi ní Apápá, wọ́n sì ń lọ fi ìwọ̀ pa ẹja kúta lójú òkun ní ọjọ́ Sátidé. Àjíṣafẹ́ kú, ìdajì ọkọ̀ sì di ti ọmọ rẹ̀. Olúgbénró kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ó fẹ́ kí Fàúsát fi ìdajì náà sílẹ̀, kí ó má sì tún fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ mọ́.

Ẹja àkùràkudà, ẹja ńlá tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn, ni ó dá ìjà tọjọ́ náà sílẹ̀. Ṣawa tó wà láàyè ni kúta fẹ́ràn lẹ́nu ìwọ̀. Olúgbénró a kó ìjẹ náà sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi wáyà hun, a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a sì jẹ́ kí ó rì sínú omi kí ẹja má bàa kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ó ti ń la ikùn kúta tí wọ́n bá pa, tí ó ń da ìfun àti ẹ̀jẹ̀ sómi. Àkùràkudà a gbóòórùn ẹ̀jẹ̀, a bá ṣawa tí ń ta pàrà nínú apẹ̀rẹ̀, a sì fà á ya. Lóṣù yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Fàúsát ní kí wọ́n gbé ìjẹ wá sínú ọkọ̀, kí wọ́n sì máa gba ẹ̀jẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ra dúrọ́ọ̀mù búlúù kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta àlòkù ilé-iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó rọ omi òkun kún un, ó sì mú pọ́ǹpù kékeré tí àwọn awakọ̀ fi ń fẹ́ táyà, ó so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, kí ó lè máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà. Ó fi omi ṣan dúrọ́ọ̀mù náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ rí. Ọṣẹ olómi ni. Bí pọ́ǹpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìfófó rú bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, gbogbo ṣawa sì yí ikùn sókè.

Múrítàlá tí ń wa ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Aǹtí Fàúsát, ṣé kí n bá yín sá a sórí okùn? Ó ti mọ́ o!"

Olúgbénró kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé fíríìjì dé. Lójú mi ni wọ́n ṣe àdéhùn.

"Sátidé tó ń bọ̀," ni ó wí, "èmi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ mi, ìwọ pẹ̀lú ọpọ́n ìfọṣọ rẹ. Bí ìjẹ rẹ bá tún kú, gbogbo ọkọ̀ ti di tèmi."

"Bí kò bá kú ńkọ́?"

"Yóò kú."

"Mo ní bí kò bá kú ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá Gbénró?"

"Kí o máa wọ ọkọ̀ títí ayé nígbà náà. Ṣùgbọ́n yóò kú."

Fàúsát wá dúrọ́ọ̀mù mìíràn, èyí tí ilé-iṣẹ́ ohun mímu fi kó omi ṣúgà. Ó fọ̀ ọ́, ó fi omi òkun rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi ẹja méjì dán an wò. Nígbà tí mo padà lọ gbé fíríìjì, àwọn méjèèjì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Múrítàlá ló sọ fún mi. Olúgbénró ló kọ́kọ́ fa kúta jáde. Ó yọ ọ̀bẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i," ni Fàúsát wí. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń pè wọ́n."

"Ìwọ tí kò ì tí ì pé ọdún méjì tí o ti ń wọ òkun, ìwọ ni yóò kọ́ mi?" Ó da ìfun sómi.

Kò pẹ́ tí okùn apẹ̀rẹ̀ fi le bí irin. Ọkọ̀ tẹ̀. Olúgbénró rọ̀ mọ́ okùn, ó fà, ó sì ṣubú sẹ́yìn: wáyà wíwọ́ lásán ló kù. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀mù. Fàúsát fi ìdérí dé e.

"Ṣí i! Ìjẹ ọkọ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní yóò kú." Ó yíjú sí Múrítàlá. "Gbé wa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ yìí."

Múrítàlá wo àwọn méjèèjì, ó sì tan ẹ́ńjìnnì. Níbi tí wọ́n lọ, Fàúsát fa kúta mẹ́rin jáde. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tó kan omi, àkùràkudà kankan kò sì tẹ̀ lé wọn. Olúgbénró kọ ẹ̀yìn sí wọn títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lọ sí Apápá, ó sì tú ẹ́ńjìnnì kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Fàúsát bá a dé ẹnu géètì ilé rẹ̀ ní Ọmọ́lẹ̀. Olúgbénró kò ṣí i.

"Mo ní kí o máa wọ ọkọ̀," ló wí láti inú ọgbà. "N kò ní kí o máa fi ẹ́ńjìnnì mi rìn. Èmi ni mo rà á."

"Ẹ mú ẹ́ńjìnnì, kí n mú ọkọ̀. Ó tán láàárín wa."

"Ó tán! Wọ́ ọ lórí ilẹ̀ bí o bá fẹ́."

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí ara wọn. Fàúsát ń gbé ní Onígbòǹgbò báyìí. Ní gbogbo Sátidé, òun àti Múrítàlá ń lọ sójú òkun pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àlòkù kan tí ó tún ṣe fúnra rẹ̀.