Sódábì Ìparí Ìjà

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn sódábì, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọtí náà burú. Ẹmu ni àwọn ará Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè fi ń pọn ọ́n, ó mọ́ gaara, àwọn àgbà wa ní etí ọ̀sà sì ń mu ún bí ẹni mumi. Ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀ níṣojú mi ni mi ò lè gbàgbé.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú ni. Gbogbo èèyàn fẹ́ wọ léèsì, ìjọba sì ti fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè wọlé. Òfin yẹn ló bọ́ ìdajì abúlé wa, tí kò jìnnà sí Iworo. Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, wà lára àwọn obìnrin tó ń gba orí omi lọ sí Àjàṣẹ́. Opó ni, fàyàwọ́ yìí ló fi ń tọ́ ọmọ. Wọ́n á wé léèsì mọ́ ikùn, wọ́n á ró ìró lé e, wọ́n á sì padà dé bí aboyún. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, oyún yìí mà ti pẹ́ o. Ìgbà wo la máa jẹ ìkómọ?" Á ní, "Ẹ lọ bi kọ́sítọ́ọ̀mù, òun ló ni ín."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń rìn, torí ìgbà yẹn ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa ń jẹun sùn. Lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn wà nínú ọkọ̀ ọkùnrin kan tó ti ń tù wọ́n bọ̀ tipẹ́. Nígbà tí wọ́n kọjá Topo díẹ̀, ọkùnrin yìí dá ọkọ̀ dúró láàárín omi. Ó ní kí oníkálukú tú léèsì tó wà ní ikùn rẹ̀ fún òun. Àwọn mẹ́rin tú u. Àǹtí ní òun ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀, ó là á mọ́ ọn lójú òsì. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú ìró obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀, ó kó léèsì, ó sì tu gbogbo wọn gúnlẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ó yá, ẹ lọ fẹjọ́ mi sun ìjọba." Ó mọ ohun tó ń sọ.

Ilé ìwòsàn ní ojú náà ò ní ríran mọ́. Tíṣà ni mí nígbà yẹn, inú sì ń bí mi. Mo fa Àǹtí lọ́wọ́, ó di àgọ́ ọlọ́pàá ní Àgbádárìgì, tòun ti báńdéèjì lójú. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà kí i pẹ̀lẹ́.

"Màmá, kí lẹ gbé nínú ọkọ̀?"

Àǹtí tún ìró rẹ̀ ró.

"Léèsì ni, àbí? Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Ṣé kí n kọ ọ́? Àti pé, ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Jẹ́jẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe wá lóore. Bẹ́ẹ̀, léèsì tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ikùn Àǹtí yìí náà ló gbà wọ̀lú.

Mo lọ bá àwọn mẹ́rin náà nílé. Ọ̀kan ní omi lòun ń wò. Ọ̀kan ní oorun ń kun òun. Ẹ̀kẹta ní, "Tíṣà, ṣé nítorí ẹyinjú kan ni kí gbogbo wa lọ ṣẹ̀wọ̀n?" Òun ni kò purọ́ fún mi. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rẹ́ Àǹtí láti kékeré, tó jókòó kọjú sí i nínú ọkọ̀, orúnkún kan orúnkún. Ó sunkún ju ẹni tó ni ojú lọ. Ó ní, "Mi ò rí i, ọmọ mi. Mo ti dorí kodò."

Ẹ̀rù wọn yé mi. Ẹni tó bá ní òun rí i ti jẹ́wọ́ pé òun wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ti jẹ́wọ́ fàyàwọ́. Ohun tó rí mi lára ni bí wọ́n ṣe sọ ẹ̀rù di ọgbọ́n. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹnu fi ń sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Àwọn àgbà pe ìpàdé sí etí omi. Lọ́dọ̀ wa, ife sódábì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń parí ìjà. Ẹni tó ṣẹ̀ á kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á da ìyókù sínú ọ̀sà. Bó bá ti wọ omi, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ẹni tó bá tún hú u jáde, òun ló di ọ̀tá ìlú.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Ó dìde, ó mu tirẹ̀, ó gbé ife lé Àǹtí lọ́wọ́. Itọ́ rẹ̀ ṣì wà létí ife. Olórí ẹbí wa ní, "Mu ún, ọmọ mi. Àwa yìí náà la máa sin ẹ́." Àǹtí wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wolẹ̀. Àǹtí mu ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ bì sídìí igi àgbọn.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó ṣe ojú Àǹtí, òun fúnra rẹ̀ á ní igi ìdáná ló ta sí i. Ọkùnrin yẹn ra ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n fi í jẹ alága àwọn atukọ̀. Bó bá ń kọjá, á kígbe, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àǹtí á sì dá a lóhùn. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, wọ́n ní èèyàn àlàáfíà ni. Ó ṣe mí bíi kí n tutọ́.

Owó epo ti gbẹ nígbà yẹn. Léèsì ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ń rà lọ́jà, kò sì sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń yẹ ikùn ẹnikẹ́ni wò mọ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Àfi ọjọ́ kan tí mo lọ kí Àǹtí, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Àǹtí ń ha ìpẹ́ ẹja.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo rí i," ló wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mo rí. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́run."

Àǹtí ò dúró, ó ń ha ẹja rẹ̀ lọ. "Mo mọ̀. Ìwọ ni mò ń wò nígbà tó gbé àjẹ̀ sókè. Ìwọ náà ń wò mí. Ojú yẹn ò rí ẹlòmíràn mọ́ lẹ́yìn ẹ."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Àǹtí ṣa ẹja méjì, ó fi ewé dì í, ó ní kó lọ fi sebẹ̀. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì lọ.