Wáyà Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sinmi

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rọ kan máa ń kùn nínú ilé wa ní Agbowó láràárọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá sé oyin mọ́nú agolo mílíìkì. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ báyìí, ife tí onílé ń kó eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sí nínú yàrá kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, eyín náà á sì máa pa kékékéké nínú omi bí ẹni tí òtútù mú. Àwọn kan ní irọ́ ni mò ń pa. Wọn ò gbé ilé yẹn rí. Ẹ̀rọ ọ̀hún rí bí ọmọ odó tí wọ́n gé kúrú, orí rẹ̀ rí roboto, wáyà dúdú gígùn kan sì jáde ní ìdí rẹ̀ bí ìrù ọ̀bọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ́ ara ni. Èmi àti ẹ̀rọ ò ní ìjà. Wáyà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àwọn tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń ká wáyà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè.

Ohun tó gbé ẹ̀rọ náà dé ni àìsàn tó kọ lu ìyàwó mi. Télọ̀ ni ìyàwó mi, ó ní ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà Bódìjà, kì í sì í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ kó tó gé e. Ojú lásán ló fi ń wọn èèyàn. Ó ti rán ẹ̀wù rí fún ọkùnrin kan tó kàn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀wù náà sì bá a mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ lórí tábìlì, àfi bí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Ìyá Onídìrí tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ló pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Onílé ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù, ó ń fọn fèrè lọ títí, gbogbo ọlọ́kọ̀ ń yà sínú gọ́tà, wọ́n rò pé gómìnà ló ń bọ̀. Oore tí àwọn méjèèjì ṣe wá yìí ni kò jẹ́ kí n lè bínú bó ṣe yẹ kí n bínú lẹ́yìn náà.

Ẹsẹ̀ padà, ọwọ́ ò padà. Àwọn ìka rẹ̀ ká wọnú bí ewé tí oòrùn pa. Àwọn tó ń tọ́jú iṣan ní ọsibítù ní ká máa wọ́ ọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pé bí a bá jáfara, àwọn ìka náà á le, wọn ò sì ní ṣeé nà mọ́ títí ayé. Ọmọ wa obìnrin tó wà nílùú òyìnbó ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyẹn náà ò sì tán, ṣùgbọ́n mo mọ àwòrán wò. Nínú ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá, wọ́n ya wáyà tí wọ́n wé mọ́ ara ẹ̀rọ pinpin, wọ́n sì fa ìlà pupa méjì kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n wá ya òmíràn tí wọ́n ká ní òbírí ńlá, tó rọra sùn jẹ́jẹ́, wọ́n sì máàkì í. Ó yé mi. Mo máa ń ká a kí òbírí rẹ̀ tó ẹnu àwo oúnjẹ, n ó fi àjákù àńkárá láti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi so ó, n ó gbé e sórí tábìlì. Nígbà yẹn, mo gbà pé ẹni tó bá ti mọ wáyà ká ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú iná tán. Mo ń yan káàkiri ilé bí ẹnjiníà.

Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá la wà, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó jẹ́ tìẹ nìkan. Àkàbà onílé, gbogbo wa la fi ń gun àjà. Áyọ́ọ̀nù Ìyá Onídìrí, gbogbo wa la fi ń lọ aṣọ ọjọ́ Jímọ̀ àti ti ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá ní òun ò yá èèyàn ní nǹkan, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Akóbọ̀, kó lọ mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Onídìrí ní òun fẹ́ yá ẹ̀rọ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún láti ibi ìdúró, mo gbé e fún un. Nígbà tó dá a padà, mo figbe ta. Ó ti fi wáyà wé ẹ̀rọ láti ìdí dé ọrùn, pinpin, ìlà kan ò gun èkejì, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń fi òwú kó irun. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ fún yín, bí obìnrin yẹn bá fi òwú kó irun fún èèyàn, ẹni náà ò ní lè ṣẹ́jú fún ọ̀sẹ̀ kan.

“Ìwọ obìnrin yìí, ẹ̀rọ nìyẹn o, kì í ṣe orí èèyàn!”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní kí n bá yín tò ó kó rẹwà ni. Ẹ wò ó, ó jọ orí ìyàwó tuntun.”

“Ọrùn wáyà lò ń fún pa!”

“Háà! Ṣé wáyà náà ń mí ni?”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ti onílé tún burú. Àlàájì ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò mọ jẹ́jẹ́. Bó bá fi ẹ̀rọ wọ́ ìbàdí rẹ̀ tán, kì í dìde lọ sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti di wáyà mú, yóò sì fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò kúrò nídìí èlùbọ́, púlọ́ọ̀gì á fò jáde lára ògiri. Bó bá wá ń dá a padà, wáyà náà ló ń dì mú, ẹ̀rọ á máa fì dirodiro nísàlẹ̀ bí garawa kànga.

“Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ara ẹ̀rọ ni kí ẹ máa dì mú.”

“Ilé ta ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà?”

“Ilé yín ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì mi àti wáyà yín máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.”

N kì í gbé ẹ̀rọ náà lé ọwọ́ ìyàwó mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dán an wò lórí orúnkún ara mi. Ìyẹn ló yọ wá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà, mo tẹ bọ́tìnnì, iná sì bú yọ níbi tí wáyà ti wọnú ẹ̀rọ. Ó gbé mi. Mo fò kọjá lórí ìyàwó mi, mo fò kọjá lórí àga, mo lọ balẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Onídìrí ní mo kàn jókòó sílẹ̀ gbì ni. Ta ló wà nínú ara mi nígbà náà, èmi àbí òun? Òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo yàrá. Mo wo ọwọ́ ìyàwó mi tó nà sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí, tó ń dúró de ẹ̀rọ. Inú bí mi. Bó bá jẹ́ ọwọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé e lé ńkọ́?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó gé ibi tó bàjẹ́ dànù, ó so ìyókù padà. Kò pẹ́, ó tún já lọ́rùn, ó tún gé e. Bó ṣe ń gé e ni wáyà ń kúrú, títí ó fi di pé ìyàwó mi ní láti kọjú sí ògiri, kí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ. Obìnrin tó ti rán aṣọ fún ìdajì Bódìjà! Ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ bá sì wà ní Dùgbẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ á tún ká wọnú. N ó máa fi ọwọ́ mi là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á di ẹnu pọ̀, kò ní ké. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti hó dà sílẹ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́. Mo ní kí onílé gbé ìbàdí rẹ̀ lọ fún bíríkìlà kó bá a rẹ́ ẹ. Mo ní kí Ìyá Onídìrí lọ kó irun sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn ń dún gbà, gbà, lọ́tùn-ún lósì, kò sì sẹ́ni tó kí mi fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyàwó mi ló bá mi sọ ọ́. Kò gbóhùn sókè.

“Bàbá, ẹ̀yìn tó ń dun obìnrin yẹn, òun ló fi pọ̀n mí.”

“Ọ̀rọ̀ wáyà ni mò ń sọ.”

“Èmi ò sọ̀rọ̀ wáyà. Ọ̀rọ̀ èèyàn ni mò ń sọ.”

Mo gbà, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Mo ní kí ọkùnrin Dùgbẹ̀ fi wáyà gígùn tuntun rọ́pò èyí tó ti kúrú. Mo ní wọ́n lè máa yá a, àmọ́ èmi fúnra mi ni n ó máa gbé e lọ, èmi ni n ó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi ni n ó yọ ọ́, èmi ni n ó sì ká a. Bẹ́ẹ̀ ni mo di ẹ̀ṣọ́. Onílé á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi á dúró tì í bí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ báńkì.

“Ẹ gbé ojú yín kúrò lára ìbàdí mi.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ìbàdí yín ṣe? Wáyà ni mò ń wò.”

Wọ́n bá sọ mí ní Ọkọ Wáyà. Láti Agbowó títí dé Baṣọ̀run, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ ra iṣu ní Mọ́níyà, ọkọ̀ sì yá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wọlé, ìyàwó mi wà ní balùwẹ̀, mo gbọ́ ìró omi. Mo wo orí tábìlì. Wáyà ti wà lára ẹ̀rọ, ní wíwé pinpin, láti ìdí dé ọrùn! Iṣu bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ẹ̀rọ, mo fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn Ìyá Onídìrí. Mo pè é ní apànìyàn, mo ní ó fẹ́ kí ọwọ́ ìyàwó mi gan, kó lè máa pọ̀n ọ́n kiri kí aráyé máa yìn ín. Onílé jáde láìtíì fi eyín sẹ́nu, mo kọjú sí òun náà, mo ní tìtorí sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ló ṣe ń gbèjà ọ̀daràn.

Ìyàwó mi di ògiri mú, ó ti balùwẹ̀ jáde.

“Bàbá àwọn ọmọ, èmi ni.”

“Ìwọ kọ́! Má gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ rù. Ọwọ́ òsì nìkan ò lè wé nǹkan pinpin báyìí.”

Ó gba ẹ̀rọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú wáyà náà sílẹ̀ pátá. Ó fi orúnkún há ẹ̀rọ, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e pàdé lórí wáyà. Wọ́n gbọ̀n, wọ́n yọ̀, wọ́n tún pàdé. Ó wé e lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi. Ó tún wé e, ó fi ẹ̀yìn ìka tẹ ìlà kejì mọ́ èkíní. Ó ní Ìyá Onídìrí ti ń kọ́ òun ní òwú kíkó láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n òwú tín-ín-rín jù, ọwọ́ òun ò lè mú un. Wáyà ló nípọn tó. Bí mo bá ti jáde báyìí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tú u kí n tó dé.

“Òní lẹ tètè dé,” ni Ìyá Onídìrí wí.

Onílé rẹ́rìn-ín láìléyín. “Gbogbo ilé ló mọ̀. Ọkọ Wáyà nìkan ni ò mọ̀.”

Ìbínú ṣì kún ẹnu mi, kò ríbi gbà. Mo ń wò bí ìyàwó mi ṣe ń fa wáyà náà le lọ́rùn, níbi tí ìwé sọ pé ká má fà á, níbi tí yóò tún já sí. Nígbà tó wé e tán, mo yíjú sí Ìyá Onídìrí, mo ní, “O kú iṣẹ́.” Ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Mo lọ ṣa iṣu mi nílẹ̀.

Inú ilé yẹn náà la ṣì wà. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀, sísọ́ọ̀sì ṣì wúwo fún un, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò tún fi gé aṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, ó sì ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onídìrí lọ́sàn-án, ó ń fi òwú kó irun àwọn ọmọdé. Mo ra wáyà mìíràn fún un, tó nípọn bákan náà, mo ní kó máa fi ìyẹn kọ́ ọwọ́. Ó dúpẹ́. Ó wé ìyẹn mọ́ ọmọ odó, ó wé e tán, ó sì tún wé ti ẹ̀rọ. Ó ní ti ẹ̀rọ ló mọ ọwọ́ òun.

Bó bá ti jáde, n ó jókòó, n ó máa tú u, n ó máa bú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́lẹ̀. N ó ká a ní òbírí ńlá bí ìwé ṣe wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n ó tún bá a ní wíwé pinpin, inú á tún bí mi, n ó pariwo, òun náà á dá mi lóhùn, onílé á máa kan ògiri. Ẹni tó bá ń kọjá lójú pópó á rò pé ìjà ni. Ìjà ni lóòótọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó parí.