Ẹyin Tí A Kò Yí

Ọ̀gá mi ní ọgbà ẹranko tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Jos kì í gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní nǹkan, pàápàá nípa ẹyin. Adìẹ ni ìyá rẹ̀ sìn fi tọ́ ọ ní Èkìtì. Èmi ní tèmi, Angwan Rogo, nínú Jos níbẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, ọmọ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹyin tí mo mọ̀ kò ju èyí tí à ń dín lọ. Nígbà tí ìjàpá odò wa yé, mo fi ọ̀rọ̀ ẹyin náà sílẹ̀ fún ọ̀gá.

Ìjàpá náà ti dàgbà. Láti odò Bẹ́núé ni wọ́n ti gbé e wá, nígbà tí àwọn apẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kì í rí irú rẹ̀ mọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọn tán. Èrò wa ni kí a tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà díẹ̀, kí a dá wọn padà sódò. Àwọn tó wà lókè wa ti sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá sí ọmọ, adágún ìjàpá yóò di ti pẹ́pẹ́yẹ.

Ọyẹ́ Jos kì í ṣeré. A kó ẹyin náà sínú yanrìn nínú bàsíà, a gbé e sẹ́bàá ibi ìdáná tí àwọn òyìnbó mọ sínú ọ́fíìsì. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀ ni ọ̀gá ń ká apá súwẹ́tà rẹ̀ sókè, tí ó ń yí àwọn ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Haba, ọ̀gá," mo ní lọ́jọ́ kan, "ṣé ìjàpá máa ń yí tiẹ̀? Tó bá ti yé tán, ṣebí ó ń lọ ni."

"Ìdí tí wọn ò fi pọ̀ mọ́ nìyẹn," ó dá mi lóhùn. "Adìẹ tí kò bá yí ẹyin rẹ̀ ò lè kó ọmọ jẹ̀."

Oṣù ń gorí oṣù, ẹyin ń rà. Nígbà tí a kò lè fara da òórùn náà mọ́, a da yanrìn sílẹ̀ kí a lè kó wọn dànù. Ẹyin kan ń mì. Ó ti rì sí ìsàlẹ̀ bàsíà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá kò kàn án rí. Ìjàpá kékeré kan yọrí níbẹ̀, ó ń wò wá. Ọ̀gá wò ó títí, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, torí ká ní kò yí wọn ni, ọmọ púpọ̀ ni à bá ní.

Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ló gba adágún lọ́wọ́ pẹ́pẹ́yẹ fún ọdún kan sí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún yé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú pẹ́ńsùlù wá. Ó fa ìlà sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá yí i.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni," ó ní, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo yí ti àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dé ibi iṣẹ́, bàsíà ti ṣófo. Ológbò ni mo kọ́kọ́ rò. Mo pariwo pe ọ̀gá.

"Rọra," ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn tábìlì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọpọ́n omi kan tó kún fún ìjàpá wẹ́wẹ́. "Wá jókòó."

Mo jókòó. Ara tù mí débi pé mo sunkún, òun náà sì ń fun imú.

A tọ́ wọn títí wọ́n fi kún ọwọ́. Lẹ́yìn náà a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹ́núé, níbi tí ooru ti mú wa bọ́ súwẹ́tà. Wọ́n ń wọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀kan kọlu òkúta, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àyà rẹ̀ wà lókè, ó ń fẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Ọ̀gá na ọwọ́ sí i. Ó dúró, ó yíjú sí mi.

"Èyí ńkọ́," ó ní, "ṣé mo lè yí i?"

"Ẹ yí i, sà."

Ó yí i, ìjàpá náà sì wọ omi lọ.