Wákàtí Kan Àbọ̀ láti Kánò

Mo rántí òórùn lọ́fínńdà tó gba inú yàrá ìyá mi ní Múṣín, lẹ́yìn tí àwọn ìyá àdúgbò wẹ òkú rẹ̀ tán. Àsùbáà ọjọ́ yẹn ló kú. Nílé ìmàle, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ Kánò ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, wà nílé ọkọ, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tó ti wálé gbẹ̀yìn. Ó sunkún lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyá mi jáde kí n tó rí ojú wọn. Ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń wọ̀ bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló ń ṣe olórí ilé. Ó béèrè bí ìrìn àjò náà ṣe máa pẹ́ tó, nítorí lọ́rí lòun wọ̀ lọ Kánò nígbà èwe òun, ọ̀sán kan òru kan ló sì gbà wọ́n. Èmi kò kàwé kọjá pámárí mẹ́rin, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́, ohùn mi kì í sì í jáde láàárín èèyàn. Àmọ́ mo ní fóònù. Mo tẹ orúkọ pápákọ̀ òfuurufú méjèèjì sí i, ó sì gbé èsì jáde. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo máa wa ọkọ̀ náà.

"Wákàtí kan àbọ̀ ni, sà. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ní ọkọ̀ náà máa gbéra. Ká tó kírun Àílà, ẹ̀gbọ́n mi á ti dé."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Bàbá wá mi orí. "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ló wá di ọ̀mọ̀wé ilé wa."

Mi ò dé pápákọ̀ òfuurufú rí. Mi ò mọ̀ pé àkókò ojú ọ̀run nìkan ni fóònù ń kà, pé kò ka jíjókòó retí ọkọ̀, kò sì ka ọ̀nà láti Ìkẹjà dé ilé wa. Aago méjìlá kọjá kí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó gbéra.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, Ìmáàmù ní òkú ti dúró tó. Bàbá wo ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yàrá. "Ọ̀mọ̀wé, ibo ló dé?"

Gbogbo àwọn ọkùnrin yíjú sí mi. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi: *Mo ti balẹ̀ n'Íkẹjà. Mò ń bọ̀.* Mo kà á. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Ojú ń tì mí pé mo ti ṣi àwọn àgbà lọ́nà.

"Ẹ jẹ́ á máa lọ," ni Bàbá wí. Wọ́n gbé ìyá mi kọjá níwájú mi.

Àwọn obìnrin ń ká ẹní tí wọ́n tẹ́ ìyá mi sí lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, tòun ti báàgì kékeré kan.

"O ò rí ohun tí mo kọ ránṣẹ́ ni?"

"Mo rí i."

Kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹní náà wà tẹ́lẹ̀, ó mú ìgò lọ́fínńdà tó kù, ó ń gbóòórùn ìdérí rẹ̀.

Ìyá mi máa ń sọ fún mi pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tẹ̀gbọ́n mi ló bá mi dákẹ́. Ó ṣì ń pè mí láti Kánò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kò sì mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn rí. Nígbà mìíràn, tí mo bá dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo máa ń tẹ orúkọ pápákọ̀ méjèèjì sínú fóònù. Wákàtí kan àbọ̀ náà ló ṣì ń sọ. Láti ibi kọ́tìnì dé ibi tí Bàbá dúró sí lọ́jọ́ náà, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni. Mo ti rìn ín wò.