Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fọ́ Nítorí Pé N Kò Kí Wọn

Òórùn káṣú yíyan ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Takie lóṣù tó kọjá. Ọ̀yọ́ ni mo ti wá, láti wo ìlú tí mo ti kàwé. Ọlọ́kadà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà lòun máa gbà dé Under G, àdúgbò àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rín sì pa mí. Náírà méjì là ń san nígbà tiwa, a óò sì tún máa bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù. Ní ti máńgòrò, ta ló ń rà á? Ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣà á.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní ìlú ńlá máa ń bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀. Èmi náà bi ara mi rí. Lọ́dún kìíní, mo ti gba fọ́ọ̀mù láti sá lọ sí Ìbàdàn, nítorí ìkíni ti sú mi. Láti yàrá mi dé títì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni mo fi ń rìn ín. Ìyá onílé mi, tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, ti máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á béèrè oorun mi, wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á ní, "Ìwé ńkọ́? Ṣé ó ń wọlé? Ọjọ́ wo nìdánwò?" Bí mo bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, káfíńtà òdìkejì, ọmọ ìjọ Aládùúrà, á fi àdúrà lé ìkíni. Bí mo bá ń wo aago, á ní, "Ṣé o máa ṣe àmín ni àbí kí n tún un bẹ̀rẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo gba ẹ̀yìn ilé yọ́ lọ láàárín àwọn igi káṣú. Inú mi dùn bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú ìdánwò yẹn. Bí mo bá tún pàdánù rẹ̀, ilé ló kù.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, olùkọ́ na ọwọ́ sí mi. "Káàdì dà?"

Mo tú àpò mi, n kò rí i. Orí tábìlì ni mo gbàgbé rẹ̀ sí.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù tí n óò ti ilẹ̀kùn yìí."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sílẹ̀, ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí, ni ọ̀kadà kan já wọ ọgbà. Káfíńtà wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú sùtánà funfun, kò wọ bàtà, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, káàdì mi lọ́wọ́ òsì.

"O wà láàyè! Ìyá ti ń sunkún nílé o! O ò kí wọn, wọ́n kanlẹ̀kùn, o ò dáhùn. Wọ́n ní o ti kú sí yàrá àwọn. Èmi ni mo fọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá rí káàdì, wọ́n rántí pé o ní òní ni ìdánwò. Ọ̀nà wo lo tiẹ̀ gbà?"

Mo gba káàdì náà. Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Wọlé jàre, kí wọ́n má fọ́ ilẹ̀kùn tèmi náà."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé, mo jẹ́wọ́. "Ọ̀nà ẹ̀yìn?" ni wọ́n wí. "Olè ló ń gbà á. Wá jẹun." Káfíńtà fi pákó aláwọ̀ mìíràn lẹ ilẹ̀kùn mi. Fọ́ọ̀mù Ìbàdàn tí mo kó fún ìyá ni wọ́n fi bo ìkòkò iyọ̀ wọn.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí: bí mi ò bá jáde láàárọ̀, ẹnìkan á wá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́ báyìí. Bí aago méje bá lù tí kò tíì kí mi, mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo dé ilé náà lóṣù tó kọjá, ìyá onílé ti ṣaláìsí. Mo gbọ́ pé olùkọ́ yẹn náà ti lọ. Pákó tí wọ́n fi lẹ ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀. Káfíńtà wà, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ni wọ́n fi dá mi mọ̀. "Ọ̀nà wo lo gbà wọlé?" ni wọ́n bi mí.

"Iwájú ni, bàbá."

Èmi náà sì wà láàyè.